Jíjìn kọ́ ni omi: èsì fún ẹni tó fẹ́ padà sílé lẹ́sẹ̀ àpáta

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá jiọ́lọ́jíìsì, ẹ̀yin onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, ẹ kú iṣẹ́. Èkó ti sú èmi àti ìyàwó mi. Ariwo jẹnẹrétọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èéfín. Mo máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, a sì ti pinnu pé ìlú wa ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, la ó padà sí. Ẹbí ti yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún mi lẹ́sẹ̀ àpáta. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, ẹyẹ nìkan lèèyàn ń gbọ́ láàárọ̀. Mítà mélòó ni kí n gbẹ́ bọhóòlù dé kí omi lè pọ̀? Ẹni tó fẹ́ bá mi gbẹ́ ẹ ní ká lọ sí 150, pé bó bá ṣe jìn tó ni omi ṣe máa pọ̀ tó. Ó ti fi àgbọn wá ojú omi, àgbọn náà sì dìde dúró ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi tún ní kí n béèrè bóyá a lè máa mu omi tó ń ṣàn lára àpáta náà láì sè é.

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, tọkàntọkàn ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síta nírọ̀lẹ́ ní Ògìdì tàbí Ìyàrá, tí atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè, kò ní bi yín pé kí lẹ ń wá lọ sílé. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ mi báyìí ló jọ tiyín: òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, ilẹ̀ ẹbí, ẹsẹ̀ àpáta, lẹ́yìn náà "mítà mélòó?" Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó yanjú.

Mítà mélòó kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá omi wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, àti apá ibo nínú ilẹ̀ náà ló wà. Ẹ wá èyí mọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Mo mọ àwọn tó kọ́lé parí, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n gbin òdòdó síwájú rẹ̀, kí wọ́n tó pe rígì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ bọhóòlù. Nígbà tí wọn ò rí omi, ilé ò ṣeé gbé sún.

Ọ̀rọ̀ pé bó bá ṣe jìn tó ni omi ṣe máa pọ̀ tó yìí, Èkó la ti kó o bọ̀. Fún Èkó, ó nídìí. Iyanrìn àti amọ̀ ló wà lábẹ́ ibẹ̀, ìpele lórí ìpele, ó sì lọ sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Omi ń gbé láàárín hóró iyanrìn. Èyí tó wà nítòsí òkè lè dọ̀tí, ní àwọn àdúgbò tó sún mọ́ òkun àti ọ̀sà ó tún lè níyọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ kọjá lọ sí ìpele iyanrìn tó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí omi tó mọ́ tó sì pọ̀. Ẹni tó bá ti gbé Èkó pẹ́ kò lè ṣe kó má gba jíjìn gbọ́.

Ilẹ̀ wa yàtọ̀. Láti Kàbbà dé Ìyàrá, láti Mọ̀pà lọ sí Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àpáta ògbólógbòó ló wà nísàlẹ̀: granite, gneiss, schist, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Àpáta wọ̀nyí le gbagidi, kò sí àlàfo nínú wọn tí omi lè gbé. Ibi méjì péré lomi ti lè dúró sí. Àkọ́kọ́ ni erùpẹ̀ tí àpáta jẹrà dà ní òkè, tó ń fa omi òjò mu bí kànrìnkànrìn; níbì kan kò ju mítà mẹ́ta lọ, níbòmíràn ó lè tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì ni pàlàpálá àpáta fúnra rẹ̀, ojú ibi tó ti sán, bí àwọn ojú sísán náà bá so kọ́ra, tí erùpẹ̀ tó mumi yó sì wà lórí wọn.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí rígì ti ń lọ sísàlẹ̀. Ìwúwo àpáta tó wà lókè ń tẹ àwọn pàlàpálá náà pa, wọ́n ń dín kù, wọ́n ń fún mọ́ra, títí ẹ ó fi dé inú àpáta tó dì pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bọhóòlù tó ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ àpáta fi ń wà láàárín 30 sí 70 mítà. Bí ẹ bá ti dé 70 tí ẹ kò rí nǹkan kan, 80 mítà tó kù yẹn, eruku funfun ni yóò máa tú síta, ẹ̀yin ni yóò sì máa san owó dísẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àyẹ̀wò fi hàn pé ojú sísán ńlá kan wà nísàlẹ̀ gan-an, a sì máa ń lé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá dárúkọ 150 kó tó wọn ilẹ̀, owó ló ń wọ̀n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bọhóòlù ìbátan yín tó wà ní Lọ́kọ́ja ṣe ẹ̀rí fún yín. Òkúta oníyanrìn ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, ilẹ̀ mìíràn ni.

Ó kan àpáta tí ẹ fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé òun ló fà yín mọ́ ilẹ̀ náà, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí òun fi ṣì dúró nígbà tí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ti jẹrà tí òjò sì ti gbá a lọ. Ó dúró torí pé kò sán púpọ̀, omi ò ríbi wọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ sì lè gbòòrò lábẹ́ ilẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Níbi tí ẹ fẹ́ kọ́ yàrá sí yẹn, ó lè jẹ́ pé ọkọ́ yóò kan àpáta kó tó dé ìbàdí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé kò lè sómi lẹ́sẹ̀ òkè o. Òjò tó ń dà kúrò lórí àpáta máa ń rì sínú erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí erùpẹ̀ náà bá sì nípọn, kànga ibẹ̀ lè dára gan-an. Apá ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí koríko ti gbẹ, bí ẹ bá rí ìlà igi kan tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó lọ tààrà, ẹ sàmì sí i. Àmì lásán ni, kì í ṣe ìdánilójú.

Ní ti àgbọn, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀, torí ó ń bí mi nínú. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn wa ló ń bá a lọ. Àgbọn kò mọ ibi tí omi wà. Igi ẹlẹ́ka méjì tí àwọn mìíràn ń mú káàkiri kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ èèyàn máa ń yí díẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀, pàápàá níbi tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń retí pé kó yí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà má máa purọ́. Ó gbà á gbọ́ ni. Ohun tó ń gbé e ró ni pé níbi tí erùpẹ̀ bá ti nípọn, ibi tó wù kí ẹ gbẹ́ nígbà òjò, omi díẹ̀ á yọ, àgbọn á sì gba ìyìn. Àwọn ihò tó gbẹ, kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Ẹ fi aṣọ di ojú rẹ̀, kí ẹ mú un rìn lórí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnìkan máa sàmì síbi tí àgbọn bá ti dìde. Bí àwọn àmì náà bá ṣọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kí i, kó máa lọ.

Ohun tí àwa ń ṣe rèé. A ó gún èèkàn irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, a ó fi iná mànàmáná díẹ̀ ránṣẹ́ gba inú méjì, a ó sì ka ohun tí méjì yòókù gbà. Bí a bá ti ń fa àwọn tó wà lóde jìnnà síra wọn sí i, ìsàlẹ̀ la túbọ̀ ń wò. Àpáta tó dì kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Erùpẹ̀ tó lómi máa ń jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà máa ń jẹ́ kó kọjá, amọ̀ kì í sì í tú omi sílẹ̀ fúnni. Nítorí náà ẹ̀rọ nìkan ò tó, ẹni tó mọ bí a ti ń túmọ̀ rẹ̀ ló kù. Àwọn kan ti wà báyìí tó ń gbé ẹ̀rọ kiri lásán láti fi dẹ́rù bani. Ẹ béèrè bóyá COMEG, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn jiọ́lọ́jíìsì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ ẹni tí ẹ fẹ́ gbà. Kó wọn ju ojú kan lọ lórí ilẹ̀ náà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tó yàn, bí erùpẹ̀ ṣe nípọn tó, mítà tó yẹ kí rígì dúró. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹni tó wọn ilẹ̀ má jẹ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ.

Èmi ò tíì tẹ ilẹ̀ yín o. Ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe ìwé àyẹ̀wò, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó fi gbẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá máa gbẹ́ ẹ, láàárín Èrèlé sí ìbẹ̀rẹ̀ Igbe ni kí ẹ ṣe é, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Omi tó bá wà nígbà náà ló wà lóòótọ́. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí níṣojú yín, kí ẹ rí bó ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń padà wá. Sókàwéè gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó 30 mítà, kó sì wà níhà ìsàlẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn ará Èkó kì í fẹ́ gbọ́: ó lè jẹ́ pé ẹ ò nílò bọhóòlù rárá, bí ẹ bá ń gbe omi òjò orí òrùlé yín. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Òjò agbègbè wa ń lé ní 1,000 mílímítà lọ́dún. Bí òrùlé yín bá gùn ní mítà 15, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, 150,000 lítà ló ń ṣàn dànù lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ká tiẹ̀ sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, 120,000 ló kù. Èèyàn méjì tó ń lo 60 lítà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ Bélú títí dé òpin Ẹrẹ́nà, kò ní lò tó 19,000. Táǹkì 10,000 méjì ti tó, bí ẹ bá rí i pé wọ́n kún kí òjò tó dáwọ́ dúró. Bí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá kó dé nígbà Kérésì, tàbí bí ẹ bá fẹ́ máa bomi rin ọgbà, kò ní tó. Kànga olóbìrìkìtì kọnkéré ló yẹ kó wá tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ojú àtijọ́ lẹ fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀, kànga tó fẹ̀ ní mítà kan ń tọ́jú ohun tó lé ní 780 lítà sínú mítà omi kọ̀ọ̀kan mọ́jú, bọhóòlù tóóró kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ fi ẹ̀rọ sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ju korobá sínú rẹ̀.

Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn pé rárá, kí wọ́n má mu omi ara àpáta láì sè é. Ó lè mọ́ bí ojú ẹyẹlé, kí ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti màlúù wà lókè ibi tó ti ń ṣàn bọ̀, bí oko bá sì wà lókè ibẹ̀, oògùn apakoríko lè wà nínú rẹ̀, èyí tí sísè kì í pa. Lóòótọ́ sòbìà tí àwọn òbí wa jìyà rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti táífọ́ọ̀dù kò tíì lọ. Ẹ gbé omi náà, àti ti kànga tàbí bọhóòlù yín nígbà tó bá yọ, lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n wá kòkòrò inú ìgbẹ́, kí wọ́n wo àwọn èròjà tó yọ́ sínú omi náà: iron, kó má ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, fluoride kó má ju 1.5, nitrate kó má ju 50. Bí iron bá pọ̀, aṣọ funfun á pọ́n, ẹnu á korò, kò sí ewu ńlá níbẹ̀, àlẹ̀mọ́ lè yọ ọ́. Bí fluoride bá pọ̀, ẹ má fún àwọn ọmọ kéékèèké mu rárá.