Wọ́n ní góòlù màmá wa yóò dínkù bí wọ́n bá yọ́ ọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja. Màmá wa tó ti di olóògbé ra ṣéènì góòlù kan àti ẹ̀gbà ọwọ́ kan bọ̀ láti Mẹ́kà. Gíráàmù 8 ni ṣéènì náà wọ̀n, ẹ̀gbà jẹ́ 12. 875 ni wọ́n tẹ̀ sí ara méjèèjì. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ yọ́ gbogbo rẹ̀ fi rọ òrùka méjì. Alágbẹ̀dẹ wúrà tí a lọ bá ní òun máa po nǹkan mọ́ ọn, àti pé yóò tún dínkù. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ màmá yín. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣéènì nìkan tó rọ òrùka obìnrin méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ tí iná bá ti yọ́, kò sẹ́ni tó lè dá a padà bó ṣe wà. Ẹ̀yin méjèèjì lè máa gbà á wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá.

Ohun tí 875 ń sọ ni pé bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, 875 jẹ́ góòlù, ìyókù jẹ́ fàdákà àti bàbà. Káràtì 21 nìyẹn. Káràtì 24 ni góòlù pọ́nńbélé, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. Káràtì 21 dára fún yẹtí àti ṣéènì. Ọwọ́ ẹlẹ́ja ńkọ́? Ọwọ́ tó ń di ọ̀bẹ mú, tó ń ha ìpẹ́, tó ń kó yìnyín látàárọ̀ dalẹ́? Òrùka káràtì 21 á tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, á sì tètè jẹ. Káràtì 18, tí àmì tirẹ̀ jẹ́ 750, le jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ po fàdákà àti bàbà mọ́ ọn kò ṣe ibi, bí ó bá ti sọ káràtì tí yóò já sí fún yín.

Ìṣirò ni kí ẹ bá a ṣe. Nínú gíráàmù 8 yẹn, 7 ni ojúlówó góòlù. Bí a bá sọ ọ́ di 750, gbogbo rẹ̀ á di gíráàmù 9 lé díẹ̀. Ìyẹn ni pé àpòpọ̀ ń mú un pọ̀ sí i ni! (Ohun tí wọ́n fi lẹ oríkèé ṣéènì máa ń dín agbára góòlù kù díẹ̀, torí náà ìṣirò yìí lè yẹ̀ bíńtín.) Ẹni tó bá po nǹkan mọ́ ọn, tó wá gbé gíráàmù 6 fún yín láìkó ẹ̀rún kankan sílẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí ìyókù wà.

Òótọ́ ni pé yóò dínkù nídìí fáìlì àti ayùn. Èmi so awọ sábẹ́ tábìlì mi, inú rẹ̀ ni ẹ̀rún ń bọ́ sí. Bí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń gbá a jọ, mo sì ń wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ òrùka lójú oníbàárà. Ìwọ̀nba tí dídán bá gbé lọ nìkan ni a kì í rí kó.

Kó tó dáná, ẹ sọ fún un bóyá ṣéènì náà ti já rí, àti ẹni tó tún un ṣe. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a yọ́ ẹ̀gbà kan tí ẹnì kan ti fi òjé lẹ̀. Bí ọ̀gá mi ṣe fi owú kàn án báyìí, ó là bí èèpo ẹ̀pà. Òjé tín-ín-tín ló ń ba góòlù jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbàgbé ojú obìnrin tó ni ín. Bí ojú ìlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, kó fi ayùn gé e kúrò kó tó yọ́ ìyókù.

Ẹ jókòó tì í. Góòlù pọ́nńbélé kì í yọ́ àfi bí iná bá gbóná tó 1,064 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kékeré bíi tiyín kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kó wọ̀n ọ́n lójú yín ṣáájú iná, lẹ́yìn iná, àti nígbà tí òrùka bá parí.

Ẹ má lọ wọn ìka ní òwúrọ̀ ọyẹ́, nítorí ìka a máa súnkì nínú òtútù. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn tí o bá ti mọ́wọ́ kúrò nínú yìnyín fún ìgbà díẹ̀. Má jẹ́ kó fi òkúta sí tìrẹ, ìpẹ́ ẹja á máa há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ lè fi sí tirẹ̀.