Wọ́n ní kí ọmọ mi máa fi ojú tẹ̀ lé ìka: ṣé kì í ṣe èèdì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò kan kọlu tiwa, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, sì wà lẹ́yìn. Àtìgbà náà ló ti ń lálàá burúkú, kò sì fẹ́ wọ mọ́tò mọ́. Wọ́n fi CBT, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ń tún èrò ṣe, tọ́jú rẹ̀, ó yadi mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wá ní EMDR, ìtọ́jú mìíràn fún ìrántí burúkú, ló kàn, pé yóò máa fi ojú tẹ̀ lé ìka olùtọ́jú. Bàbá rẹ̀ ní ó jọ èèdì. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ gbà. Kì í ṣe èèdì. Ọmọ yín kò ní sùn, iyè rẹ̀ kò sì ní rà. Bó bá gbé ọwọ́ sókè pé ó tó, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró.

Francine Shapiro ará Amẹ́ríkà, tó dá EMDR sílẹ̀, ló ṣàkíyèsí ní 1987 pé bí ojú òun ṣe ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èrò tó ń da òun láàmú ń rọlẹ̀. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka EMDR mọ́ ìtọ́jú tó yẹ ọmọdé. Níbi tí ẹ wà, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ti 2018 ní CBT ni kó ṣíwájú fún ọmọ ọdún 7 sí 17. Bí kò bá ran ọmọ, kí wọ́n ro ti EMDR. Ọ̀nà tó yẹ ni wọ́n ń tọ̀ yẹn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn, ṣùgbọ́n àlàyé tó wọ̀ mí létí jù ni pé ọpọlọ kì í lè ru ẹrù wúwo méjì pọ̀. Bí ọmọ bá ń rántí ìró irin tó ń rún, tí ojú rẹ̀ tún ń sáré tẹ̀ lé ìka, ìrántí yẹn kò ráyè hàn kedere bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á dúró, wọ́n á bi í léèrè ohun tó ń rí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní gbàgbé ìjàǹbá náà o. Yóò rántí rẹ̀, àyà rẹ̀ kò kàn ní máa já bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ni. Kò sì pọn dandan kó ròyìn gbogbo rẹ̀ lẹ́nu. Ó lè yà á sórí bébà. Ìdí nìyí tó fi bá ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mu.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni ìpalẹ̀mọ́. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kì í na ìka sọ́mọ lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ara balẹ̀, bíi kó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, kó máa fi wọ́n lu ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀tún, òsì. Láàárín àwọn tí ìjì Pauline ti 1997 bà jẹ́ ní Acapulco, ní Mẹ́síkò, ni wọ́n ti dá ìyẹn sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá olùtọ́jú náà kọ́ EMDR tọmọdé. Ẹ má fi fídíò ṣe é nílé, mo bẹ̀ yín.

Àlá rẹ̀ lè pọ̀ sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ sọ fún olùtọ́jú, ẹ má sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ ní mọ́tò "tiwa" ni wọ́n kọlu. Bí ẹ̀yin náà bá wà níbẹ̀, tí àyà yín ṣì ń já bí ẹ bá gbọ́ igbe táyà, ẹ sọ fún GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé yín, lọ́sẹ̀ yìí.