Ẹ̀rọ lésà mi ń kọ irin, ṣùgbọ́n n kò rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀, nílùú Abẹ́òkúta, níbi tí mo ti ń kọ orúkọ sára aago àti òrùka. Ẹ̀rọ lésà àlòkù tí mo rà ní kírísítálì YAG nínú, àtùpà funfun kan sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ irin dáadáa, síbẹ̀ n kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan tó ń jáde. Ṣé kí n fi àtùpà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i? Ẹni tó tà á fún mi ní n kò nílò awò ojú.

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yín kò ní àléébù kankan tí mo lè rí nínú ohun tí ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ awò ojú yẹn ni kí ẹ má ṣe gbà.

Kírísítálì YAG, ìyẹn òkúta dídán tí ènìyàn ṣe, fúnra rẹ̀ kì í tan ìmọ́lẹ̀ lésà. Irin neodymium tí wọ́n pò mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí neodymium bá gba ìmọ́lẹ̀ àtùpà, ẹ̀lẹ́kítírọ́nì rẹ̀ á gòkè sí ipò tó ga, á yára sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á sì dúró sí ipò kan fún nǹkan bí ìdá 230 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó pẹ́ gan-an ní ti átọ̀mù. Ìdúró yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ átọ̀mù kó agbára jọ, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde lára ọ̀kan, bó ti ń lọ tó ń bọ̀ láàrin dígí méjì tó dojú kọ ara wọn, á máa mú kí àwọn yòókù tú tiwọn sílẹ̀ ní ìṣọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀.

Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ yìí jẹ́ 1064 nánómítà, bẹ́ẹ̀ ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó bá ju 700 lọ. Àtùpà kọ́ ló ń yan àwọ̀. Irin inú kírísítálì ni. Irú àtùpà funfun bẹ́ẹ̀ náà ni Theodore Maiman, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ lésà, lò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, àmọ́ pupa, 694 nánómítà, ni lésà rẹ̀ tàn, nítorí pé chromium ló wà nínú rúbì tó lò. Nítorí náà, àtùpà tó lágbára jù kò ní sọ tiyín di èyí tí a ń rí. Ooru àpọ̀jù rẹ̀ tilẹ̀ lè mú kí kírísítálì sán.

Àìrí yìí gan-an ló léwu. Ojú kì í ṣẹ́ sí ohun tí kò rí, lẹ́ńsì ojú á sì kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ sí ẹ̀yìn ẹyinjú, á jó o láìsí ìrora. Òrùka dídán tí ẹ ń kọ lè dá a padà sí ojú oníbàárà tó dúró tì yín, nítorí náà kí onítọ̀hún dúró síta. Awò tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní 1064 àti nọ́ńbà OD, ìyẹn òdiwọ̀n bí awò ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tó, lára. Bí OD bá jẹ́ 6, ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ló ń kọjá. Ìwé ẹ̀rọ náà ni yóò sọ èyí tó bá agbára rẹ̀ mu. Awò àwọn jórinjórin kò lè rọ́pò rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti oòrùn!

Bí àmì bá wá ń ṣá lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi tó ń tu ẹ̀rọ lára wò, kí ẹ nu dígí, kí ẹ sì wo bí àtùpà ti gbó tó, kí ẹ tó fura sí kírísítálì. Iná tó lágbára lè ṣì wà nínú kápásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú u.