Ẹ Bi Wá: Antony Mímọ́ àti ohun tó sọnù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló dé tó jẹ́ Antony Mímọ́ ti Padua ni àwọn Kátólíìkì ń ké pè bí nǹkan bá sọnù? Búrẹ́dì rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìwé ló fà á. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ kúrò láàárín àwọn fráyà (àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti fi ayé wọn sin Ọlọ́run) gbé ìwé Sáàmù Antony sá lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ìwé nígbà yẹn, sórí awọ ẹran; àlàyé tó fi ń kọ́ni sì wà létí ojú ewé rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àdánù ńlá ni! Ó gbàdúrà, olè dá a padà.

13 Okúdù 1231 ni Antony kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sin ín, ìyẹn ni àdúrà tí wọ́n ń gbà sí i fi ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun 13 tó tẹ̀ léra wọn.

Àwọn tálákà ni wọ́n ń fún ní búrẹ́dì náà lórúkọ rẹ̀. Ní Brazil, àwọn kan máa ń fi ọ̀kan tí àlùfáà ti súre sí sínú agolo ìyẹ̀fun, kí oúnjẹ má bàa wọ́n nílé. Kó gbẹ dáadáa o. Bó bá tutù, yóò bu, ìyẹ̀fun á sì bá a lọ.

Ní Bahia, ní Brazil kan náà, Ògún ni àwọn oníkandomblé, ìyẹn àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀, pe Antony. Ní Rio, George Mímọ́ ni Ògún tiwọn.