Owó Oṣù Ìkẹyìn Tí Ọ̀gá Gé, àti Ohun Tó Tọ́ sí Ẹni Tí Wọ́n Lé Níṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ọ̀gá ilé-ìtajà yín ní Ògo-Olúwa lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ìdajì owó oṣù ìkẹyìn yín nítorí ọjà tí wọ́n ní ó sọnù, àti bóyá ìjọba máa ń san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní Òṣogbo níbí, níbi tí mo ti ń tọ́jú sítọ̀ọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi, ìwé pélébé kan tí wọ́n ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ni akọ̀wé owó nà sí mi. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọjà tó dín, aṣọ iṣẹ́, àti owó ìtanràn fún pípẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí orúkọ ọjà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ìlà sí ìsàlẹ̀ níbi tí èmi yóò buwọ́ lù pé mo gbà. Mo yà á sórí fóònù mi, mo sì dá a padà láì buwọ́ lù ú. Ìwà àfojúdi ni wọ́n pè é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe oníduró mi.

Abala karùn-ún Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gé owó oṣù nítorí ìtanràn rárá, kódà bí òṣìṣẹ́ bá ti bá a ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní ti ọjà tó sọnù tàbí tó bàjẹ́, ó lè gé iye tó mọ níwọ̀n bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ, nítorí náà ìdajì tí wọ́n gé lọ́wọ́ yín ti kọjá ààlà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó gbé ọjà. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún; bó bá jẹ́ ipò máníjà ni ẹ wà, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ yín ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gba sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ ní Abẹ́rẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní Òṣogbo ni mo mú fọ́tò náà, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ mi àti àlááàtì báǹkì lọ. Nígbà tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà, owó ìtanràn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Ti ọjà tó dín kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ka ọjà. Owó aṣọ ni mo fi sílẹ̀ fún wọn, ìjà rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ béèrè owó àkókò ìkìlọ̀ pẹ̀lú, ìyẹn owó tí ọ̀gá máa san bí kò bá kìlọ̀ ṣáájú kó tó lé yín: ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tó ti lo oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní olè ni yín, wọ́n lè sọ pé ìkìlọ̀ kò tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n owó ọjọ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ṣì jẹ́ tiyín.

Ní ti owó ìjọba, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nàìjíríà kò ní owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà, níbi tí ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwà àìtọ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá ti lè má rí i gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú nọ́ńbà BVN wá lórí WhatsApp nítorí irú owó bẹ́ẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Owó tí ẹ lè fọwọ́ kàn ni ti ìfẹ̀yìntì yín. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san owó sínú àpò yìí: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọwọ́ ọ̀gá, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ fún yín ní àkọsílẹ̀ àpò yín lónìí, nítorí pé ọ̀gá mi gé tèmi lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oṣù ni owó náà dé ibi tó yẹ kó dé. PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni ẹ ó fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sùn.

Kí ẹ tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì náà, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò béèrè lẹ́tà tó fi hàn pé ẹ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú mú yín kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín láì gbà á. Bí ọ̀gá yín bá ní àfi kí ẹ buwọ́ lu ìwé owó tí wọ́n gé kí wọ́n tó fún yín ní lẹ́tà náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín pé ẹ kò fara mọ́ iye tí wọ́n gé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì wọn.