Ọmọ Mi Kì Í Jẹ́ Ká Kọjá Ṣọ́ọ̀bù Igun Àdúgbò

Ìyá ọmọ kan kọ̀wé sí wa láti Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 5, kì í gbà kí àwọn kọjá ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun àdúgbò nígbà tí òun bá mú un bọ̀ láti ilé ìwé, àfi bí òun bá ra bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ náà wólẹ̀, ó ń yí nínú eruku lójú àwọn tó ń kọjá. Ìyá gbá a létí, ṣùgbọ́n nígbà tí igbe pọ̀, ó ra bisikíìtì méjì fún un kí ó lè dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó jìn. Ọkọ rẹ̀ sì ní ahun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ padà sí ojú ọ̀nà yín, nítorí pé ẹ kò lè máa sá fún ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Ọ̀kánjúwà kọ́ ni mo rí lára ọmọ yìí. Ẹ̀kọ́ kan ni ó kọ́ lọ́wọ́ yín, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa: bí òun bá sunkún díẹ̀, wọn yóò ní rárá, bí òun bá sunkún títí tí èèyàn fi pé jọ, rárá náà yóò di bisikíìtì. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ọwọ́ òsì náà ra bisikíìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbá a létí mọ́. Ó lè fa ìlù etí ọmọ ya.

Ibi tí mo dúró sí jù nínú lẹ́tà yín ni ibi tí ẹ ti sọ, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé ìyá oníṣọ́ọ̀bù máa ń na súìtì kan sí ọmọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ènì nígbàkúgbà tí ẹ bá ra búrẹ́dì. Ẹ̀ènì dára, ẹni tí ń ta gàrí fún ìyá tèmi kì í di àpò láìbu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò mọ̀ pé ẹ̀ènì tẹ̀lé ohun tí ẹ rà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà yẹn ni dídùn ti ń wá. Ẹ lọ bá ìyá náà nígbà tí ọmọ kò sí níbẹ̀, ẹ kí i kú ọjà, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kó ẹ̀ènì náà lé yín lọ́wọ́. Ẹ fi ẹ̀rín sọ ọ́ o, torí òun náà ni yóò ta àwìn fún yín lọ́jọ́ tí owó oṣù bá pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, bí Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kí ó jẹ́ ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu géètì ilé ìwé ni kí ẹ ti máa sọ fún un bóyá òní jẹ́ ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí kò jẹ́, kí ẹ tó dé ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi igba náírà lé e lọ́wọ́, kí òun fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà, kí ó béèrè iye ọjà, kí ó sì gba ṣéńjì. Yóò pẹ́ o. Yóò dúró níwájú ìgò súìtì, ojú rẹ̀ yóò máa lọ láti orí bisikíìtì dé orí ìpékeré, yóò fún owó náà títí tí yóò fi rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó pẹ́. Bí ó bá mú kúlíkúlì, gúgúrú tàbí àádùn, ó dára. Bí ó bá jẹ́ bisikíìtì, kí ó wá nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀, torí ọmọ tó ń kọ́ lẹ́tà yóò gbádùn rẹ̀.

Ti ẹlẹ́rìndòdò ni n kò ní bá yín dẹwọ́ sí. Ìjọba pàápàá ti fi owó orí náírà 10 lé lítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021, ṣùgbọ́n owó orí kì í sọ fún ọmọ ọdún 5 pé ó tó. Ẹ wo iye gíráàmù ṣúgà tí wọ́n kọ sára ìgò. Bí ó bá jẹ́ ti mílílítà 100, ẹ ṣírò rẹ̀ dé ìwọ̀n ìgò náà. Ẹ fi 4 pín in, iye ṣíbí tíì tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bu ṣúgà náà sínú ife lójú ọmọ, ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ó máa kà á.

Bí ó bá wólẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró tì í, ẹ má nà án, ẹ má sì ra nǹkan kan. Igbe náà yóò kọ́kọ́ le sí i, nítorí pé igbe tó le ló ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọjá yóò ní, "Ẹ rà á fún un, ọmọdé ṣáà ni." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ti baba ọmọ, ẹ jẹ́ kí òun lọ mú un nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó má sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tún bi í léèrè nípa ahun.