Kí ni ìtumọ̀ "kíkà àkọ́kọ́" tí wọ́n ń kọ síwájú àbádòfin sẹ́nétọ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n pín ìwé iṣẹ́ tí sẹ́nétọ̀ wa ti ṣe l'Ábùjá fún wa ládùúgbò. Àbádòfin tó wà níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n "kíkà àkọ́kọ́" ni wọ́n kọ síwájú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí ni wọ́n ń kà? Ta ló ń kà á? Ṣé ó ti di òfin nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o, kò tíì di òfin. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju pé wọ́n ti fi àbádòfin náà han Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Akọ̀wé Ilé á dìde, á ka àkọlé rẹ̀, á jókòó. Kò sí àríyànjiyàn, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún àṣà náà. Nígbà tí ìwé títẹ̀ kò tíì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ àbádòfin, ẹ̀dà rẹ̀ kì í sì í kárí. Akọ̀wé ní láti kà á sókè kí gbogbo ilé lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Lóde òní, sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba ẹ̀dà tirẹ̀, àkọlé nìkan ni wọ́n sì ń kà. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́ta náà ni wọ́n ṣì ń pè é ní kíkà.

Kíkà kejì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ tó ni àbá á dìde, á ṣàlàyé ìṣòro tó rí, ìdí tí òfin tó wà nílẹ̀ kò fi ká a, àti ohun tó fẹ́ kó yí padà. Ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, àwọn ìyókù á dá sí i. Ààrẹ Ilé á wá béèrè ohùn wọn: àwọn tó gbà á ké bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí kò gbà á ké bẹ́ẹ̀ kọ́, òòlù á sì dún. Bí wọ́n bá gbà á wọlé, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó yìí ló yẹ kí ojú wa wà jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìpàdé ìta gbangba, níbi tí ẹgbẹ́ olùkọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, agbẹjọ́rò tàbí ará ìlú lásán ti lè mú ìwé èrò rẹ̀ wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé àwọn tí òfin máa kàn kì í sábà yọjú síbẹ̀, tó bá wá di òfin tán, wọ́n á ní àwọn kò gbọ́.

Tí ìgbìmọ̀ bá jábọ̀, gbogbo Ilé á sọ ara wọn di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo láti yẹ àbá náà wò ní abala-abala. Ẹ wo ọ̀pá àṣẹ nígbà náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á gbé e kúrò lókè tábìlì sí ìsàlẹ̀, nítorí agbára Ilé ni ọ̀pá yẹn dúró fún, Ilé kò sì sí ní ìjókòó gẹ́gẹ́ bí Ilé lásìkò yẹn. Wọ́n á gbé e padà sókè nígbà tí wọ́n bá parí. Láìsí ọ̀pá náà, Ilé kò lè jókòó ṣòfin, ìdí nìyẹn tí ara gbogbo ìlú fi bù máṣọ nígbà tí àwọn jàǹdùkú já a gbà lọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọlọ́pàá rí i.

Kíkà kẹta ni àṣekágbá. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin, kí ó tó dé iwájú Ààrẹ orílẹ̀-èdè, tó ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú. Bí Ààrẹ bá kọ̀, ilé méjèèjì lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta borí rẹ̀, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109.

Ọ̀nà náà gùn. Ọdún 2008 ni àbádòfin epo rọ̀bì kọ́kọ́ dé iwájú Ilé, oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ló di òfin. Bí sáà ọdún 4 àwọn aṣòfin bá parí láìjẹ́ pé àbá dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń padà sí. Àbá tó dín ọjọ́ orí olùdíje kù tún gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló fẹ́ tún ṣe: ó ní láti rí àtìlẹ́yìn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán. Sẹ́nétọ̀ Abdulaziz Nyako ló gbé e wá sí Ilé Àgbà, Tony Nwulu gbé e wá sí Ilé Aṣojú-ṣòfin, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ̀ lé e láti ilé kan dé èkejì títí tí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ ṣe Ààrẹ bọ́ láti 40 sí 35, ti aṣojú-ṣòfin láti 30 sí 25. Ti sẹ́nétọ̀ kò yí padà, 35 náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ka iye àbá, ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Sẹ́nétọ̀ tó ní àbá kan tó ti kọjá ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ṣiṣẹ́ ju ẹni tó ní ogún tí kò kúrò ní kíkà àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má sì ka móṣàn, ìyẹn àbá tí sẹ́nétọ̀ gbé wá kí Ilé lè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, pọ̀ mọ́ àbádòfin. Móṣàn kì í gba kíkà mẹ́ta, ìjókòó kan ti tó. Ilé lè fẹnu kò pé kí ìjọba àpapọ̀ tún ọ̀nà kan ṣe, ṣùgbọ́n ìpè lásán ni, kò de ìjọba. Inú àbádòfin ìṣúná ni owó ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ ti jáde, ìyẹn náà á sì gba kíkà mẹ́ta kọjá.